Àwo Kékeré Tí Mo Jù Lójú Èrò

Èmi ni mo ju àwo náà. Ẹnikẹ́ni kò tì mí, ọtí kò pa mí, ebi kò sì pa mí lọ́jọ́ náà. Mo gbé e láti Ìkòtún dé ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ìgàndó, mo gba àárín àwọn aláboyún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọjá, mo sì là á mọ́ tábìlì obìnrin tó ń tọ́jú ìyàwó mi. Àwo tánganran ni. Ó dún gbàù, ó ta bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ títí ó fi dúró lábẹ́ àga. Obìnrin náà, tó tó bí mi lọ́mọ, bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó mú un. Mo dúró, mo ń wò ó.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ó ń bí mi sí àwọn kan l'Ékòó, ó ń bí mi sí àwọn kan nílé, mi ò sì ní fi bò. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí tiwọn, irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí n ti orí tèmi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà lápá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, Yorùbá la fi ń sunkún nílé wa. Ọdún mẹ́fà péré ni mo lò nílé ìwé Faransé. Ilé ìjọsìn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èdè wa àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ óò fi rí àṣìṣe níbí, ẹ fi orí jì mí. Nígbà tí mo ń bọ̀ l'Ékòó, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Yorùbá bíi tèmi ni wọ́n, pé bí ẹni ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mo ṣe ń lọ, pé bí ọ̀nà bá tiẹ̀ jìn, ẹbí ló wà ní òpin rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ìgàndó ni mo ti kọ́kọ́ gba iṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nílé wa. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Lẹ́yìn náà ni Múfú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń po sìmẹ́ńtì, ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o! Àgànyìn gbọ́ Yorùbá!"

Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá gba ẹnubodè yẹn wọlé nìyẹn, ì báà wá láti Tógò, ì báà wá láti Kútọ̀nú.

"Yorùbá ni mí," mo ní. "Kétu ni mo ti wá."

"Yorùbá wo? Yorùbá tó ń jẹ búrẹ́dì gígùn bí apá? Jọ̀ọ́ jàre, gba garawa yìí, lọ pọn omi wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé àlejò tí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ń gbéraga. Láti ọjọ́ náà lọ, Àgànyìn di orúkọ mi. Ọ̀gá wa pàápàá kò mọ èyí tí ìyá mi sọ mí.

Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kì í fi ara sílẹ̀. À ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì, à ń rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, à ń gbé búlọ́ọ̀kù tútù sórí pákó, à ń tò ó sínú oòrùn, à ń bu omi wọ́n ọn kó má baà sán. Ní oṣù kẹta, sòkòtò tí mo gbé wá láti ilé kò dúró ní ìdí mi mọ́. Yàrá kan ni mo gbà ní Ìkòtún, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí èèyàn fi ń gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń húkọ́. Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì láìsí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo jẹ. Bí ìbà bá mú mi, mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Kétu, kí etí mi lè gbọ́ ohùn ilé. Mo sì máa ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí àwọn tó wà lódìkejì ògiri má baà fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì ni Àṣàbí, ìyàwó mi, wá bá mi.

Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ fi í lé mi lọ́wọ́, gbólóhùn kan ni bàbá náà sọ: "Mo gbé ọmọ tó lẹ́ran lára fún ọ. Má gbé egungun padà wá fún mi." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nílé wa, ara ìyàwó ni wọ́n fi ń ka ìwà ọkọ. Ẹni tó lọ sí ìdálẹ̀ kò ní lẹ́tà mìíràn tó lè kọ ránṣẹ́ tí wọ́n máa gbà gbọ́. Bí ìyàwó bá sanra, ọ̀nà dára. Bí ìyàwó bá rù, ẹ̀tàn ni gbogbo ohun tó ń sọ lórí fóònù.

Nígbà tí Àṣàbí lóyún, mo sáré lọ sí ìdí agboòrùn obìnrin tó ń fi fóònù ta ìpè nítòsí ọjà Ìkòtún. Fóònù aránṣọ tó wà lẹ́bàá ilé wa ni ìyá mi máa ń lò. Mo dúró títí wọ́n fi lọ pè é.

"Ìyá, Àṣàbí ti lóyún."

Ó ké, ó yin Ọlọ́run, mo gbọ́ tí aránṣọ náà ń bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣé ó ti sanra?"

"Ó ń sanra díẹ̀díẹ̀, Ìyá."

"Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀? Èèyàn tó wà l'Ékòó? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbé oko níbí, ọrùn rẹ̀ ti pín sí mẹ́ta. Ọmọ mi, dákun, má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ṣe lo mú ọmọ ọlọ́mọ lọ fi ebi pa. Ẹni méjì ló ń jẹun nínú rẹ̀ o!"

Ẹ̀rù bà mí ju bí inú mi ṣe dùn lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti gba ìdí oúnjẹ. Èmi ni mo ń bù ú. Ẹ̀kọ méjì àti àkàrà láàárọ̀, búrẹ́dì àti mílíìkì lẹ́yìn rẹ̀, mọ́ọ̀tì lọ́sàn-án, ẹ̀bà tó ga bí orí àlàpà nírọ̀lẹ́. Mo máa ń jókòó tì í títí àwo yóò fi mọ́. Tó bá ní ó ti yó, màá ní, "Tìrẹ ni o yó, ti ọmọ ńkọ́?" Èmi fúnra mi ń mu gààrí lọ́dọ̀ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, kí tirẹ̀ lè pọ̀. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù.

Ní oṣù kẹrin oyún náà, a lọ ya fọ́tò nítòsí ọjà Ìkòtún. Àṣàbí jókòó síwájú aṣọ tí wọ́n ya àtẹ̀gùn ilé olówó sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ọwọ́ rẹ̀ wú díẹ̀, òrùka rẹ̀ ti há. Obìnrin ará ilé wa kan tó máa ń kó ẹ̀wà wá sí ọjà Shasha bá mi mú fọ́tò náà lọ sí Kétu. Nígbà tí mo pe ilé, bàbá Àṣàbí ló gba fóònù. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí lórí fóònù.

"A rí i," ó ní. "O ṣe ọkùnrin."

Lọ́jọ́ kejì mo gbé búlọ́ọ̀kù bí ẹni gbé òwú. Múfú ní ṣé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ l'Ékòó nìyẹn: pé wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ní Kétu, wọ́n sì ní mo ṣe ọkùnrin.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú oyún, mo gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Àwọn aláboyún ti ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó dùn mọ́ Àṣàbí nínú, ó bá wọn pàtẹ́wọ́ bí kò tilẹ̀ mọ orin náà. Lẹ́yìn orin, wọ́n tò síwájú ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló dúró tì í. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti gun orí ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì yìí á kígbe ohun tó wọ̀n sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lódìkejì yàrá. Nígbà tó kan Àṣàbí, ó kígbe, ó tún wo ìwọ̀n náà lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kígbe.

"Há! Màdáámù, orúkọ ìlú wo lẹ kọ síbí? Kétu? Àwọn Àgànyìn! Ṣé ìwọ nìkan lò ń jẹ gbogbo oúnjẹ Ìkòtún ni? Sọ̀ kalẹ̀ jàre, kí o má fọ́ ìwọ̀n fún wa!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Àṣàbí sọ̀ kalẹ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo ikùn, bí ẹni tí wọ́n bá nǹkan olè lára rẹ̀. Nílé wa, a kì í sọ bí oyún ṣe tóbi tó sókè, a kì í tọ́ka sí i, nítorí a kò mọ ẹni tó ń gbọ́. Wọ́n wá kígbe tirẹ̀ bí ẹni ń polówó.

Kí ni mo ṣe? Kò sí. Mo dúró sídìí ògiri, mo di ìkúùkù sínú àpò. Nọ́ọ̀sì náà wọ aṣọ funfun, èmi wọ bàtà tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́.

Obìnrin kan ló jáde láti inú yàrá kejì, àgbàlagbà, ọmọ Ìbàdàn, ìbòrí funfun lórí rẹ̀. Ìyá Sàídì ni wọ́n ń pè é, òun ni àgbà nínú àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó sọ fún nọ́ọ̀sì náà, "ṣé ata lò ń wọ̀n ní Shasha ni, tó o fi ń ké? Ìgbà mélòó ni mo máa sọ ọ́? Ìwọ̀n aboyún, láàrin wa àti ẹni tó ru ú ni." Ó wá di ọwọ́ Àṣàbí mú. "Ọmọ mi, má wolẹ̀. Wá. Ọkọ ìyàwó, ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀."

Nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó béèrè ibi tí a ti wá.

"Kétu, mà."

"Ilé Alákétu!" Ó yíjú sí mi dáadáa. "Ẹ̀yin ni Yorùbá àtijọ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ yẹ kí ẹ máa bi wá pé ta ni wá."

Mo ti lo ọdún mẹ́ta l'Ékòó kí n tó gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́nu ẹnìkan. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹ rántí ibí yìí, nítorí obìnrin yìí ni mo ju àwo mọ́.

Ó wọn Àṣàbí lẹ́ẹ̀kan sí i nínú yàrá níbẹ̀, kò sọ ohunkóhun, ó kọ ọ́ sínú káàdì, ó yí káàdì náà sí Àṣàbí kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó bi í pé kí ló jẹ lánàá. Àṣàbí ń kà á, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ta ló ń bu oúnjẹ náà?"

"Èmi ni, mà," mo ní.

"Ẹ ṣeun. Ọkọ tó ń bu oúnjẹ fún ìyàwó, mi ò rí i púpọ̀." Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o. Aboyún kì í ṣe àgbò tí à ń bọ́ de Iléyá. Ara rẹ̀ ń yára kún ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè, ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ lè tóbi ju ọ̀nà lọ. Mi ò ní kó fi ebi pa ara rẹ̀, ó léèwọ̀. Mi ò sì ní kí ẹ pa oúnjẹ ilé yín tì. Àwo ni mo fẹ́ bá yín tún ṣe."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú àwo tánganran kékeré kan jáde, funfun, tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù.

"Ẹ ní àwo ńlá tí ẹ ń bu ẹ̀bà sí nílé?"

"A ní in, mà."

"Ó dáa. Ẹ̀fọ́ àti ẹja, inú àwo ńlá yẹn ni kó máa wà láti òní. Ẹ̀bà tàbí ọkà, inú kékeré yìí, kó má ga ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ kàn fi oúnjẹ pààrọ̀ àwo ni. Mọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà láàárọ̀, kó má gun ọ̀kadà. Ṣé mo ti ba nǹkan ilé yín jẹ́ báyìí?"

Àṣàbí rẹ́rìn-ín, èyí tó kọ́kọ́ rín lọ́jọ́ náà. "Rárá, mà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Àṣàbí ń sùn dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ fà, òrùka rẹ̀ ń yí. Ó ní ẹ̀fọ́ pọ̀ bí ti ìgbà òjò ní Kétu.

Ìgbà náà ni obìnrin oní-ẹ̀wà tún kọjá láti Shasha, ó yà sọ́dọ̀ wa, ó bá Àṣàbí tó ń ti ọjà bọ̀ nínú oòrùn, ó rí àwo kékeré náà lórí àdògán. Kò sọ nǹkan kan fún wa. Ó dé ilé, ó sọ ọ́.

Nígbà tí mo pe ìyá mi, kò kí mi.

"Wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àṣàbí ti wọlé. Wọ́n ní àwo ọmọdé lo fi ń bu oúnjẹ fún un, pé o ń lé aboyún kiri ọjà lẹ́sẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

"Ìyá, agbẹ̀bí ló ní..."

"Agbẹ̀bí wo? Èmi tí mo bí mẹ́fà, agbẹ̀bí wo ló wọn ọkà fún mi? Bàbá rẹ̀ wá síbí lánàá. Ó jókòó. Mo gbé omi fún un, kò mu ún." Ohùn rẹ̀ já. "Kò mu omi mi."

Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ẹni tó kọ omi ilé kan ti bínú sí ilé náà. Mo dé ibi iṣẹ́, Múfú tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwo náà lẹ́nu aládùúgbò mi kan gbé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dé: "Àgànyìn, wọ́n ní o ti ń fi àwo wọn ẹ̀bà fún ìyàwó ẹ! Ṣé ẹ̀bà náà ti wọ́n bíi sìmẹ́ńtì ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo lọ sílé, mo mú àwo náà nígbà tí Àṣàbí wà ní ìdí kànga, mo sì lọ.

Ẹ ti mọ bí mo ṣe jù ú. Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ ni ohun tí mo sọ.

"Ṣé torí pé a kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà lẹ ṣe fẹ́ fi ebi pa ìyàwó mi? Ẹ bú u, kò tó yín. Àwo yín nìyí, ẹ fi bọ́ ajá yín!"

Sí ẹni tó pè wá ní ọmọ Alákétu ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fi ìyàwó mi ṣẹ̀sín wà níbẹ̀, ó dúró ti ìwọ̀n rẹ̀, mi ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti rò ó láìmọye ìgbà. Ẹni tó bú wa ni mo dákẹ́ fún, ẹni tó bọlá fún wa ni mo bú, nítorí mo mọ̀ nínú mi lọ́hùn-ún pé òun kò ní bú mi padà.

Ìyá Sàídì mú àwo náà lábẹ́ àga, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ibì kan ti bó létí àwo náà.

"Ẹ ti sọ̀rọ̀, mo sì ti gbọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín máa wá. Èmi ni kí ẹ bá jà, ẹ má bá ìtọ́jú jà."

Mo jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ro ẹ̀bà, mo bù ú kún àwo ńlá, mo sì jókòó ti Àṣàbí títí ó fi mọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó jẹ ẹ́, ó ń wo ògiri.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìrọbí mú un. Oòrùn ti dé àárín orí kí wọ́n tó ránṣẹ́ dé ibi iṣẹ́. Múfú kò sọ àwàdà kankan. Ó yá ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Gùn ún, ọ̀rẹ́ mi, gùn ún," ó sì fi mí sáré bí ẹni tí ìyàwó tirẹ̀ ń rọbí. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí òótọ́ ni.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ. Nọ́ọ̀sì ìjọ́sí, ti ìdí ìwọ̀n, já jáde, ojú rẹ̀ ti yí. "Orí ọmọ ti jáde," ó ní, "èjìká ló há." Ó sáré pe ẹlòmíràn, ó sáré padà wọlé. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Sàídì láti inú: "Àṣàbí! Ọmọ Alákétu! Gbé orúnkún sáyà, fà á mọ́ra. Ẹ bá mi tẹ ìsàlẹ̀ ikùn níbẹ̀. Má tíì tì í, má tíì tì í o. Báyìí! Tì í!" Ìdákẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn ìyẹn. Bí mo bá dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò ní gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ ké.

Ìyá Sàídì jáde wá bá mi, òógùn ti mú ìbòrí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí.

"Ìyá yè, ọmọ yè. Obìnrin ni. Ó tóbi gan-an, ọkọ ìyàwó. Apá òsì rẹ̀ kò tíì gbé. Nígbà tí mo ń fà á ló ṣe é léṣe. Tí mi ò bá fà á ni, à bá pàdánù rẹ̀. Ẹ má bínú."

Ó ní kí n má bínú. Òun ló sọ ọ́ fún mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ńlá ni èjìká wọn ń há, pé ọmọ kékeré náà lè há, kí n má pa ara mi. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni. Kò balẹ̀.

Ìjọ́ kẹta, wọ́n ní kí n lọ kó ìró wá fún Àṣàbí nílé. Mo fa báàgì lábẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn báàgì, nínú gèlè kan, àwo funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí ibì kan ti bó létí rẹ̀. Ẹ̀bà gbígbẹ díẹ̀ ṣì wà ní ìdí rẹ̀.

Mo gbé e dé iwájú Àṣàbí nílé ìwòsàn.

"Ìyá Sàídì ló dá a padà fún mi," Àṣàbí ní. "Ó ní kí n má sọ fún yín, kó má baà di ìjà. Tí ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, òun ni mo fi ń jẹ ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán."

"Ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

Ó wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀, ó wo apá tó ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀.

"Ti ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó tì mí."

Ọdún keje rèé tí a ti bí i. Nígbà tí a lọ sí Kétu láti fi ọmọ han àwọn ará ilé, wọ́n ń pè mí ní ará Nàìjíríà. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń sín bí mo ṣe ń sọ "jàre" jẹ. Bàbá Àṣàbí gbé ọmọ, ó wo apá rẹ̀, ó bi mí pé kí ló fà á. Mo ní wọ́n ní ó tóbi jù. Ó ní, "Ó kéré tán, wọ́n rí i pé o bọ́ ìyá rẹ̀," ó sì mu omi tí ìyá mi gbé fún un. Ó mu ún tán. Mo fẹ́ gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fọ́ ọ. Omi kan péré, ẹ̀yin ará ilé mi! Nítorí omi tí ẹnì kan kò mu ni mo ṣe jókòó ti ìyàwó mi bí wọ́dà. Èkó ní Àgànyìn ni mí, Kétu ní ará Nàìjíríà ni mí. Ẹnì kan péré ló mọ ẹni tí mo jẹ́, tó sì pè mí bẹ́ẹ̀, èmi sì sọ àwo rẹ̀ di ti ajá.

Nígbà tí Àṣàbí tún lóyún, àwo etí búlúù ni mo fi ń bu ẹ̀bà, ńlá fún ẹ̀fọ́. Ìyá mi béèrè lórí fóònù pé ṣé ó ti sanra. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bi mí léyìí mọ́. Ẹ bi mí pé báwo ni ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀." Ó ní, "Ó dáa. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀?" Mo ní, "Ó wà nílẹ̀, Ìyá." Ọmọkùnrin ni ó bí, ó jáde wẹ́rẹ́. Ìṣẹ́gun mi kejì nìyẹn, kò sì sí fọ́tò rẹ̀.

Ìyá Sàídì kọ́ ni ó gba ẹ̀bí náà. Kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn náà, àyè wà fún mi láti bẹ̀ ẹ́. Ilé ìwòsàn náà ra búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ wa láti fi mọ ọgbà, èmi sì wà lára àwọn tó já a. Àkọ́bí mi ṣì ń rá nígbà náà. Ìyá Sàídì wà lórí fàráńdà, ó rí mi.

"Ọmọ Alákétu! Apá ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ẹ ń bá a na án bí mo ṣe kọ́ ìyá ẹ̀?"

"Ó ń gbé e díẹ̀díẹ̀, mà."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Àwọn aláboyún wà lórí bẹ́ǹṣì, bíi ti ọjọ́ yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn mi. Mo wo ilẹ̀, mo sì tún gbé búlọ́ọ̀kù. Ó dúró díẹ̀, ó wọlé. Nígbà tí mo fi ṣe ọkàn gírí, tí mo wọ aṣọ tó mọ́, tí mo lọ, wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó mọ àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó dá mi lóhùn ni nọ́ọ̀sì ìdí ìwọ̀n. Ó ti ti ìwọ̀n náà sínú yàrá, ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

Ọmọbìnrin mi ti ń lọ sílé ìwé ní Ìgàndó. Apá òsì rẹ̀ kò gbé kọjá àyà. Apá ọ̀tún ló máa ń nà tí tíṣà bá pe orúkọ rẹ̀, ó sì máa ń nà án ga. Inú àwo kékeré náà ló ń jẹun báyìí, ó ní òun kò fẹ́ òmíràn. Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó máa ń yí lọ sábẹ́ àga, èmi ni mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ mú un.

Mo jẹ Ìyá Sàídì ní ìdọ̀bálẹ̀ kan. Kì í ṣe ti inú yàrá. Ojú èrò ni mo ti ju àwo rẹ̀, ojú èrò ni ó ti bẹ̀rẹ̀ mú un. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ fún un.